Àwọn Tó Gba Igbó Ọ̀ṣun Là

Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, igbó mímọ́ Ọ̀ṣun, òrìṣà odò, fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ilé ti yí i ká, síbẹ̀ igi ńláńlá ṣì dúró níbẹ̀, ọ̀bọ sì ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Èèwọ̀ ló kọ́kọ́ ṣọ́ ọ: wọn kì í dẹ ọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja inú odò, wọn kì í gé igi, wọn kì í dáko. Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba owó oṣù!

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, èèwọ̀ ò fẹ́ẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Wọ́n gé igi, ìjọba gbin igi tíìkì síbẹ̀, olè ń jí ère kó. Ìgbà náà ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dìde pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, tó ti ṣe bíríkìlà rí, àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti irin mọ ère tó ga ju ènìyàn lọ. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wù mí: ta ni yóò gbé àáké sí igi tí irú ère bẹ́ẹ̀ ń wò? Ẹni tó bá láyà, kó wá.

Ní 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005 UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Orúkọ Àdùnní, tó kú ní 2009, ló ń yọ jù. Ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìyìn náà kan Àtáọ́ja tó jẹ́ ọba Òṣogbo, Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò tí wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun, àti àwọn tó ru sìmẹ́ǹtì wọ igbó.