Èèkù Idà àti Apátí Ìbọn: Àyẹ̀wò Òwe Méjì

Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin tí a gùn láìdi ìjánu rẹ̀ mú a máa gbé ẹni kọjá ibi tí à ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn òwe tí ó jẹ mọ́ ohun ìjà rí. Láti ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020 ni ìbéèrè kan kò ti kúrò lẹ́nu ènìyàn: ṣé kí ará ìlú ní ìbọn tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀ ni, àbí kí ìbọn wà ní ìkáwọ́ ìjọba nìkan? Òwe méjì ni ó ṣojú ìhà méjèèjì yìí jù lọ. Ó yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ òwe ní ààbọ̀ yóò dájọ́ ní ààbọ̀.

Òwe kìíní ni èyí: ‘Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni.’ Ní etí ẹni tí ó fẹ́ kí ará ìlú ní ìbọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: kò sí ẹni tí í bẹ̀rù aláìní ohun ìjà. Òtítọ́ wà nínú èyí, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ṣakabùlà ni ó pọ̀ lójú ogun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń bẹ ní Èkó rí ìbọn tuntun tí à ń ki ọta rẹ̀ láti ìdí, tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀, Ìbàdàn kò lè fi ojú kékeré wò wọ́n mọ́. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ó wà lẹ́bàá ojú ogun náà, àti Ẹ̀sà-Òkè jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà lónìí, èyíinì ni Obòkun. Ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi ìbọn gba ara wọn lọ́wọ́ ìsìn kò ní ṣàìjiyàn bí a bá sọ fún un pé ìbọn kò wúlò.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì wà nínú òwe náà tí àwọn tí ń pa á máa ń fò kọjá. Ìkíní ni ‘tíì’. Òwe sùúrù ni. Ó ń kọ́ ẹni láti dúró de àkókò, kò sì ti ẹnikẹ́ni sí ìkánjú. Ìkejì ni ‘bèèrè’. Òwe náà kò ní kí ọmọ pa ẹni tí ó pa baba rẹ̀. Ó ní kí ó bèèrè. Ìbéèrè ni òpin ọ̀rọ̀, idà kàn ń mú kí ìbéèrè náà ní ìdáhùn ni. Ìtàn Kírìjì pàápàá bá èyí mu: ìbọn tuntun mú kí agbára àwọn ọ̀tá méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n kò parí ogun. Ìwé àdéhùn ọdún 1886 ni ó ṣí ọ̀nà àlàáfíà, ó sì di 1893 kí wọ́n tó túká pátápátá.

Òwe kejì ni: ‘Bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun?’ Apátí ni ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó ró. Ẹnu ẹni tí ó dúró níwájú ìbọn ni òwe yìí ti jáde, gẹ́gẹ́ bí ti ìṣáájú ti jáde lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ di ìdí ohun ìjà mú. Nítorí náà ni ó ṣe dùn lẹ́nu àwọn tí ó fẹ́ kí ìjọba ká ìbọn kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà sọ ọ́ ju bí ó ti mọ lọ. Òwe náà kò ní kí ìbọn má sí. Ohun tí ó wí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìbọn ẹlòmíràn gbọ́ lásán; ìdánilójú ni ó ń fẹ́.

Irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìbọn ti 1959 ń wá, èyí tí Nàìjíríà jogún láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀, irú bí ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́, èyí tí ènìyàn lè ní bí ó bá gba ìwé àṣẹ, àti ṣakabùlà àwọn ọdẹ, tí òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, àwọn tí ó kú sì tó ogójì. Ní ọdún náà kan náà ni Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà náà, béèrè pé kí Àmọ̀tẹ́kùn ní ìbọn tí ó bá ti ọ̀tá dọ́gba. Ìjọba àpapọ̀ ní òun kò fún ìpínlẹ̀ kankan ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Òwe méjèèjì ni ó kọjú sí ara wọn lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ààbọ̀. Ní Amẹ́ríkà, gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi kún ìwé òfin ní 1791 sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ìlú tí a tò lẹ́sẹẹsẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà ní ìparí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí apá tí ó ga ju èkejì lọ, kí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ tó dá a ní 2008 pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni; iyàn náà kò sì tán. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí ni ó kọ sílẹ̀, ó sì gbà kí ènìyàn lo ipá tí ó bá yẹ láti gba ẹ̀mí là.

Ikú ọmọ Ẹ̀sà-Òkè kan ni ó dán òwe méjèèjì wò jù lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001, wọ́n yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983. Nígbà tí ó kú, òun ni mínísítà ètò ìdájọ́ fún Nàìjíríà. Bí a bá ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ èèkù idà òfin, òun gan-an ni. Wọ́n gbé àwọn kan dé ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìhà kan lè wí pé ìjọba tí kò lè ṣọ́ mínísítà rẹ̀ kò lè ṣọ́ àgbẹ̀ lóko. Ìhà kejì lè wí pé ìbọn tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó ṣekú pa á. Òtítọ́ ni méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kan ìbéèrè òwe kìíní: ikú wo ni ó pa baba ẹni, ta ni yóò sì dáhùn fún un?

Àwọn ọdẹ àtijọ́ mọ ìbéèrè yìí. Ọdẹ aṣọ́de ní ìbọn, ṣùgbọ́n Olúọ́dẹ mọ̀ ọ́n, ìlú mọ ilé rẹ̀, ó sì ti fi irin búra lójú Ògún. Bí ìbọn rẹ̀ bá ṣìnà, a mọ ẹni tí a óò pè. Ènìyàn lè sọ pé ìlú ti fẹ̀ ju kí ojú mọ ojú lọ, òótọ́ sì ni; ìdí nìyí tí ìwé àkọsílẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ṣọ́ àti ilé-ẹjọ́ tí kì í sùn fi gbọdọ̀ rọ́pò ojú àti ìbúra. Láti inú ‘tọ́’ ni ‘ẹ̀tọ́’ ti jáde: ohun tí ó tọ́ sí ènìyàn ni, ohun tí ó sì tọ́ kí ó ṣe ni pẹ̀lú. Ẹ̀ṣọ́ tí ìlú mọ̀, tí ó sì ń jíhìn fún ìlú, ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn tí yóò lè fi dúró níwájú apànìyàn. Ẹni tí kò ní jíhìn fún ẹnikẹ́ni kò ní in, ìbáà wọ aṣọ ìjọba. Títí ìlú yóò fi lè bèèrè ikú àwọn baba rẹ̀ kí ó sì rí ìdáhùn, ọwọ́ kò tíì tẹ èèkù idà, bí ó ti wù kí ìbọn pọ̀ tó nílẹ̀.