Ọkọ̀ Ike Oníbátìrì

Ní ẹ̀bá títì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkúnbọ̀, láàárín fíríìjì tó ti họ lára àti kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjókòó mọ́, ẹ kò ní ṣàì rí i: jíípù kékeré kan, pupa ni tẹ́lẹ̀, oòrùn ti fà á láwọ̀ títí ó fi ń lọ sí àwọ̀ ọsàn. Ike ni láti òkè délẹ̀. Ọmọ ọlọ́jà á ti jókòó sínú rẹ̀, á di ṣítíárìn mú, á máa fi ẹnu ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá bèèrè bóyá ọkọ̀ náà ń rìn, èsì kan náà ni gbogbo àwọn ọlọ́jà máa ń fún yín: "Bátìrì nìkan ló kù tí ẹ máa rà sí i." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni.

Òun náà ni ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ń tò dè ní ọgbà ìṣeré lásìkò Iléyá àti Kérésì, tí òbí ń sanwó ìṣẹ́jú díẹ̀ lé lórí, tí ọmọ á sì fi igbe ta nígbà tí wọ́n bá ní kó sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni mo fẹ́ yìn níhìn-ín, nítorí èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ẹwà mọ́. Mo fẹ́ yìn ín nítorí pé ó ṣeé tú, ó ṣeé wò, ó sì ṣeé tún ṣe. Fóònù ayé òde òní, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, wọ́n á ní kí ẹ lọ ra odidi pátákó inú rẹ̀ pààrọ̀. Ọkọ̀ ọmọdé yìí kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ẹni tó bá ní sìkúrúdíráfà lọ́wọ́.

Irú rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 1927, Ettore Bugatti, gbajúmọ̀ tó ń ṣe ọkọ̀ ìdíje ní Molsheim nílẹ̀ Faransé, ṣe ọkọ̀ kékeré kan fún Roland, ọmọ rẹ̀. Ìdajì ọkọ̀ ńlá ni ní ìwọ̀n, bátìrì fólítì 12 ló sì ń gbé e rìn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rí i, wọ́n ní tàwọn ọmọ tiwọn náà dà, ni ó bá kúkú ń ṣe é tà. Ọmọ ọlọ́lá ló ń gùn ún nígbà náà. Ike ló sọ ọ́ di ti tẹrú-tọmọ. Ní Amẹ́ríkà, Power Wheels ló gbajúmọ̀ jù, èyí tí Mattel rà ní ọdún 1994 tó sì fi sábẹ́ Fisher-Price. Orúkọ náà mọ́ wọn lẹ́nu débi pé irú ọkọ̀ yìí yòówù tí wọ́n bá rí, òun ni wọ́n ń pè é, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo núdù ní Indomie. Peg Perego ń ṣe tiwọn ní Ítálì. Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé ní tuntun lóde òní ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká dojú ọ̀kan dé, ká tú ìdí rẹ̀. Bátìrì kan wà lábẹ́ ìjókòó tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wáyà pupa àti dúdú jáde lára rẹ̀. Wáyà wọ̀nyí gba abẹ́ pẹ́dà kọjá, wọ́n gba ibi ọ̀pá tí ọmọ fi ń yan iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n sì parí sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, níbi tí mótà méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mótà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyin adìẹ lọ. Bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, ó lè yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Gíà oníke tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń gba eré yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di agbára, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ táyà.

Ibi tí mo ti máa ń mirí ni ọgbọ́n tí wọ́n fi pín iná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní ìrìn méjì: kílómítà 4 láàárín wákàtí kan, tí kò ju ìrìn àgbà lọ, àti nǹkan bíi kílómítà 8, tí bàbá ní láti máa sáré díẹ̀ tẹ̀ lé. Nínú àwọn ti àtijọ́, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ tó ń ṣírò eré. Bí ọmọ bá yan ìrìn pẹ̀lẹ́, swíìṣì á jẹ́ kí iná gba inú mótà kan kọjá kó tó dé ìkejì, mótà méjèèjì á sì pín fólítì 12 náà ní mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ó bá yan eré, ojú ọ̀nà á yí padà, mótà kọ̀ọ̀kan á sì gba fólítì 12 tirẹ̀ lódindi. Bí ó bá ń padà sẹ́yìn, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù ló kàn pààrọ̀ àyè. Wáyà lásán ló ṣe gbogbo èyí.

Ti búréèkì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn tẹ búréèkì. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi búréèkì sí ibi tí ọmọ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí pẹ́dà bá ti dìde, swíìṣì abẹ́ rẹ̀ á so wáyà méjèèjì mótà pọ̀ mọ́ra wọn. Táyà ṣì ń yí, mótà sì di jẹnẹrétọ̀ kékeré. Iná tí òun fúnra rẹ̀ ń pèsè ló máa dì í mú. Ẹ lè fọwọ́ dán an wò bí ẹ bá tú mótà kan sílẹ̀: ẹ fi ìka yí irin ẹnu rẹ̀, á máa yí geere, ẹ wá fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ tún yí i. Á le.

Rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbé ọkọ̀ náà lọ bá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú iṣẹ́ á dé. Ọ̀gá á gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé orí bulọ́ọ̀kù kí táyà má kan ilẹ̀, á fi ẹnu mítà kan orí bátìrì. Mítà lè sọ pé 12.6, kí inú oníǹkan ti dùn. Ọ̀gá kò ní gbà á gbọ́. Á ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ pẹ́dà, kó sì fọwọ́ di táyà mú díẹ̀, òun á tẹjú mọ́ mítà. Nọ́ńbà á jábọ́: 10, 8, 6.

"Ọ̀gá, ó ti kú nìyẹn," ni màmá tó gbé e wá á wí.

"Kò kú, mà. Bátìrì rẹ̀ ni ebi ti pa jù."

Òótọ́ ni ó sọ. Òjé àti ásíìdì ló wà nínú bátìrì yẹn, irú rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ láìní iná nínú. Ẹ ro ìrìn àjò rẹ̀: ọmọ kan ní òkè òkun dàgbà jù ú lọ, wọ́n tì í sí ilé ẹrù fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó wọ kọ̀ǹténà, ó la òkun kọjá, ó tún dúró sínú oòrùn ní ẹ̀bá títì. Nínú gbogbo àkókò yẹn, nǹkan funfun kan ń dì mọ́ ara òjé inú rẹ̀, ó ń le sí i, títí òjé náà kò fi lè gba ṣáájì mọ́. Bátìrì fólítì 12 tí wọ́n ń lò nínú UPS, tó wúwo ju kílò méjì lọ díẹ̀, ni àwọn rìwáyà wa sábà máa ń fi dípò rẹ̀. Ó wà ní ọjà Alaba ní Èkó, ó wà ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ta ohun èlò ínífátà.

Ọ̀rọ̀ ṣájà kò ní gbà wá lásìkò. Èyí tó bá ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá, fólítì 120 ni wọ́n sábà ń ṣe é fún. Ẹni tó bá kì í bọ iná tiwa, tó jẹ́ 230, láìka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, èéfín ni yóò kọ́ ọ.

Àìsàn kejì wà lára gíà. Ọkọ̀ á máa dún krà-krà-krà, mótà á ń yí, táyà kò ní rìn. Eyín gíà ló ti jẹ. Ohun tó ń jẹ ẹ́ kò jìnnà: ọmọ ń lọ síwájú, ó fa ọ̀pá sẹ́yìn lójijì, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama gùn ún kí wọ́n fi ya fọ́tò. Àní àwọn tó tóbi nínú wọn, tí ọmọ méjì ń jókòó sí, nǹkan bíi kílò 59 ni wọ́n kọ sí i pé ó lè gbé. Gíà tó ti jẹ kò ṣeé jó pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í ju òkú ọkọ̀ nù. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn kún fún àgbá ike tó ti fọ́, tí gíà rẹ̀ ṣì dára. Bí ara ọkọ̀ bá sì sán, àwọn tó ń fi irin gbígbóná rán bọ́ńpà á rán an bí ẹni rán aṣọ, àpá rẹ̀ á sì hàn. Mo fẹ́ràn àpá yẹn ju ọ̀dà tuntun lọ.

Àtúnṣe kan wà tí mo ka sí iṣẹ́ ọgbọ́n pátápátá. Táyà ike máa ń yọ̀ lórí táìsì, ariwo rẹ̀ sì máa ń pọ̀ lórí kọnkéré. Fọkanáísà á gé túùbù ọkọ̀ àtijọ́ ní ìbú táyà, á fà á bọ̀ ọ́, á fi súkùrú kékeré dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ náà á di ilẹ̀ mú, ariwo á lọ sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná yín ní nǹkan kan.

Eré ni àwọn bàbá ń wá ní tiwọn. Wọ́n á mú bátìrì dírílì fólítì 18, wọ́n á so ó mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún 12. Ó máa ń sáré lóòótọ́: kílómítà 8 á di bíi 12. Ṣùgbọ́n bí táyà bá há sínú kòtò tí ọmọ kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò, ooru inú mótà á ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìfàyọ àkọ́kọ́ náà sì lè ká eyín gíà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ bátìrì dírílì ni kò ní ohun tó ń dá a dúró nínú ara rẹ̀ bí iná rẹ̀ bá fẹ́ tán. Inú dírílì ni ohun náà wà, inú ọkọ̀ ike kò sì ní in. Lójú tèmi, ọmọ kò bèèrè eré. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí ọkọ̀ má kú sí ìdajì ọ̀nà. Bátìrì lítíọ́mù fólítì 12 tó ní ṣájà tirẹ̀ ló bá èyí mu: ó fúyẹ́ ju ti òjé lọ, ó ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mótà kò sì mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Ibi tí n kò ti ní bá ẹnikẹ́ni ṣeré ni fíúsì. Nínú àpótí àwọn bátìrì Power Wheels kan ni ohun tó ń gé iná bí ó bá gbóná jù wà. Ọjọ́ tí a bá fi bátìrì UPS rọ́pò rẹ̀, ohun náà ti lọ nìyẹn, ọ̀pọ̀ kò sì fi òmíràn sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi fọ́nrán bàbà dí àyè fíúsì tó jóná. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, wọ́n ní kí wọ́n dá ọkọ̀ Power Wheels tó lè tó mílíọ̀nù 10 padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà nítorí pé ohun èlò iná wọn lè gbóná kó sì gbiná. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ti ilé iṣẹ́ ńlá, kí ni ti èyí tí a so lábẹ́ igi? Fíúsì áńpù 30, kí ó wà nítòsí orí pọ́sítíìfù bátìrì, kí ó má jìnnà sí i. Owó rẹ̀ kò tó ti gàárì kọ́ńgò kan.

Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ọkọ̀ yìí ṣe, kò sí èyí tó dára tó ti GoBabyGo. Cole Galloway ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ọmọ kéékèèké tí kò lè rìn. Wọ́n yọ iná kúrò lábẹ́ pẹ́dà, wọ́n gbé e wá sórí bọ́tìnnì ńlá kan tí ọwọ́ ọmọ lè tẹ̀. Wọ́n fi páìpù oníke omi àti fóòmù yí ìjókòó ká kí ẹ̀yìn ọmọ lè dúró. Wọ́n tún ní irú kan tí swíìṣì rẹ̀ wà lábẹ́ ìdí: bí ọmọ bá jókòó, ọkọ̀ á dúró, bí ó bá gbìyànjú láti dìde, ọkọ̀ á gbéra. Ọmọ tó ń wá eré ń fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lókun láìmọ̀.

Kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ yẹn tí rìwáyà Abẹ́òkúta tàbí Ilé-Ifẹ̀ kò lè ṣe. Páìpù wà lọ́dọ̀ pọ́ńbà, fóòmù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga. Nítorí náà, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní àdúgbò yín, tí ọkọ̀ ike kan sì ń gbó lọ lẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn, ẹ bá wọn tọrọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi oníṣègùn tó ń tọ́jú ọmọ náà léèrè bí ó ṣe yẹ kó jókòó, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ fún rìwáyà. Wáyà méjì àti swíìṣì kan ni, kò ní gbà á ju ọ̀sán kan lọ. Kí ẹ sì rí i dájú pé ó fi fíúsì sí i.