Juan Cuadrado àti Ọgbọ́n Ẹ̀bá Ìlà

Agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣeré ní ẹ̀gbẹ́ pápá kò ní àyè púpọ̀. Ìlà funfun dí i lápá kan, adílémú dúró dè é lápá kejì, ìwọ̀nba tó kù láàárín méjèèjì ni yóò ti dá gbogbo àrà tó bá fẹ́ dá. Atamátàsé lè fara pamọ́ fún ọgọ́rin ìṣẹ́jú kó sì di akọni pẹ̀lú gòólù kan ṣoṣo. Wíńgà kì í rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Bọ́ọ̀lù kò ní í tíì dúró dáadáa lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí àwọn òǹwòran yóò ti dìde lórí ìjókòó.

Juan Guillermo Cuadrado, ọmọ Kòlómbíà, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 2008. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, méje nínú wọn sì wà ní Ítálì. Ẹni tó bá ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà léraléra lè sọ pé alárìnkiri tí kò fìdí kalẹ̀ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ ní ipò tuntun lórí pápá, òun náà sì fi ọgbọ́n kan náà tó gbé kúrò nílé jẹun ní gbogbo wọn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Iṣẹ́ Cuadrado jẹ́ ẹ̀rí òwe yìí.

Necoclí ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1988. Etí òkun Urabá ni ìlú náà wà, ní ìpínlẹ̀ Antioquia. Agbègbè ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ìjà àwọn ológun abẹ́lé sì dà á rú gan-an ní àkókò tí Cuadrado wà ní kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n pa bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Marcela, ló ṣiṣẹ́ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti tọ́ ọ dàgbà. Mi ò ní fi ìyà yìí ṣe àlàyé bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ tí wọn ò di agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí odò ti ṣàn wá. Ẹgbẹ́ Independiente Medellín ló kọ́kọ́ gbé e jáde, nígbà tó sì di ọdún 2009, Udinese ti mú un lọ sí Ítálì.

Udine kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ó jókòó ju bó ṣe ṣeré lọ, ìgbà tó sì ṣeré, ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Lecce ló yá a ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ ìhà gúúsù tí kò lówó tó pọ̀, tó sì já kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ ní ìparí sáà náà. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Cuadrado ti di ẹni tí gbogbo Ítálì mọ̀. Ẹgbẹ́ tí kì í sábà ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ nílò ẹni tó lè gbà á ní ẹ̀yìn kó sì gbé e sáré títí dé iwájú ọ̀tá láìsí ìrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Lecce fi kọ́ ọ nìyẹn.

Fiorentina mú un wọlé lọ́dún 2012, Vincenzo Montella sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi Cuadrado ṣọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti ẹ̀yìn dé iwájú, lẹ́yìn náà ó tì í síwájú. Lójú tèmi, ọdún méjì ààbọ̀ tó lò ní Florence ló dùn ún wò jùlọ. Àwọn bíi Borja Valero àti David Pizarro wà láàárín pápá tí wọ́n ń fi sùúrù pín bọ́ọ̀lù, Cuadrado sì ni wọ́n ń dúró dè láti ba ètò àwọn alátakò jẹ́. Gòólù mọ́kànlá ló gbá wọlé nínú líìgì ní sáà 2013 sí 2014. Fún wíńgà, iye yẹn kò kéré rárá.

Kí ni ọgbọ́n tí mo ń sọ gan-an? Àwọn ènìyàn máa ń yin eré sísá rẹ̀, ó sì lè sáré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó yára jù ú lọ pọ̀ tí wọn kò ṣe ohun tó ṣe. Ìdúró rẹ̀ ni kí a wò. Cuadrado á sáré dé iwájú adílémú, á dẹ ẹsẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, á fi èjìká júwe ọ̀nà kan, nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá sì ti gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, á gba ọ̀nà kejì lọ. Bí oníyàálù ṣe ń dá ìlù dúró kí ẹsẹ̀ oníjó tó balẹ̀ ni. Ìgbà tí ìlù bá dákẹ́ ni a ń mọ ẹni tó mọ ijó.

Ẹ wo alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2016 ní Munich, nígbà tí Juventus, ẹgbẹ́ tó wà nígbà náà, pàdé Bayern. Álvaro Morata gbé bọ́ọ̀lù láti ààbọ̀ pápá tiwọn, ó kọjá lára àwọn ọmọ Bayern, ó sì ta á sí Cuadrado nínú àpótí. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò gbá a lójú ẹsẹ̀. Philipp Lahm náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì fi ara wọ́lẹ̀ láti dí i. Cuadrado gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ gbá a, ó fà á padà, Lahm yọ́ kọjá, bọ́ọ̀lù sì wọlé lẹ́yìn Manuel Neuer. Juventus pàdánù ìdíje náà pẹ̀lú gòólù mẹ́rin sí méjì nínú àfikún àkókò. Èsì yẹn ò sọ ohun tí Cuadrado ṣe di asán. Lahm wà lára àwọn adílémú tó gbọ́n jùlọ ní ìran rẹ̀. Láti tan irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ pẹ̀lú àìṣe nǹkan kan ju agbára lọ.

Apá kejì ọgbọ́n rẹ̀ ni fífún ẹlòmíràn. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wáyé ní Bùràsíìlì ní 2014, James Rodríguez ló gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó gbá gòólù jùlọ, pẹ̀lú gòólù mẹ́fà. Mẹ́ta nínú mẹ́fà yẹn ló ti ọ̀dọ̀ Cuadrado wá: ó fi gìgísẹ̀ fún un nígbà tí wọ́n pàdé Gíríìsì, ó gbá kọ́nà sí i lórí nígbà tí wọ́n pàdé Ivory Coast, ó sì fi orí dá bọ́ọ̀lù padà fún un nígbà tí wọ́n pàdé Uruguay. Òun náà ló ṣí ọ̀nà gòólù àkọ́kọ́ Kòlómbíà ní ìdíje náà, tí Pablo Armero gbá wọlé, èyí tí gbogbo wọn fi jó salsa choke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Gìgísẹ̀, kọ́nà, orí: ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ayé rántí James, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tó bá ka gòólù nìkan kò tíì wo eré yẹn dé ìdí.

Lóṣù Kejì ọdún 2015 ni Chelsea san owó tó ju ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ lórí rẹ̀, wọ́n sì yá Fiorentina ní Mohamed Salah. Kò gbá gòólù kankan wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹgbẹ́ José Mourinho ti ń léwájú líìgì nígbà yẹn, àwọn wíńgà rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ wọn: kí wọ́n tètè fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí wọ́n sì sáré padà. Ìdúró díẹ̀ tí mo ń yìn lókè yìí gba sùúrù àwọn tó yí i ká, sùúrù yẹn kò sì sí fún àlejò tó dé ní àárín sáà. Kí oṣù méje tó pé, ó ti padà sí Ítálì, lọ́dọ̀ Juventus.

Turin ló di ilé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, Juventus ń ṣeré pẹ̀lú Torino, aládùúgbò wọn, ipò wọn kò sì dára rárá nínú líìgì. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá kí rẹfirí fọn fèrè nígbà tí Alex Sandro ti bọ́ọ̀lù wọ àárín láti apá òsì, Cuadrado sì fi ẹsẹ̀ tì í wọlé. Gòólù náà kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n òun ni ìbẹ̀rẹ̀ ìborí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀léra nínú líìgì, Juventus sì gba ife ní ìparí sáà. Ife líìgì márùn-ún ló gbà níbẹ̀, eré rẹ̀ fún wọn sì ju ọ̀ọ́dúnrún lọ.

Ohun tó mú un pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ó gbà láti padà sẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, Massimiliano Allegri, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kó Cuadrado, Dybala, Mandžukić àti Higuaín síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dé àṣekágbá Champions League. Nígbà tí Maurizio Sarri gba ipò Allegri ní 2019, Cuadrado ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì fi í ṣe adílémú ọ̀tún. Wíńgà mìíràn á gba èyí bí ẹ̀tẹ́. Cuadrado rí i pé ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá tan adílémú jẹ mọ ohun tí wíńgà fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, àti pé àyè pọ̀ níwájú ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀kọ́ Udine àti Lecce, tó dà bí àṣìlò nígbà náà, ló wá ń sanwó. Nígbà tí Cristiano Ronaldo dé ní 2018, Cuadrado ti fi nọ́ńbà méje sílẹ̀ fún un láìjà. Ìwà kan náà ni.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Cuadrado máa ń tètè ṣubú, ó sì máa ń bá rẹfirí jà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí Juventus na Inter ní 3 sí 2 ní oṣù Karùn-ún 2021, òun ló gba pẹ́nátì ìparí, òun ló sì gbá a wọlé. Àríyànjiyàn lórí ìṣubú yẹn kò tíì tán. Ìlànà kan náà ló ń lò níbẹ̀: ó dúró de ara ẹlòmíràn. Àṣejù rẹ̀ ni àbùkù. Níbi àṣekágbá Champions League yẹn ní Cardiff, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2017, àwọn ẹlòmíràn lo irú ẹ̀tàn yẹn fún un. Ó wọlé láti rọ́pò Barzagli, kò sì pé ogún ìṣẹ́jú tí Sergio Ramos ṣubú nígbà tó fọwọ́ kàn án díẹ̀. Káàdì kejì jáde, Real Madrid sì borí ní 4 sí 1. Ìyà yẹn pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú bíbí ló gbé ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin 2023, ó bá Handanović, aṣọ́lé Inter, wọ̀yá ìjà, àwọn méjèèjì gba káàdì pupa. Kí oṣù mẹ́rin tó kọjá, Inter ló mú un. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà bínú, ìfarapa gìgísẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ nínú sáà rẹ̀, ṣùgbọ́n Inter gba líìgì. Atalanta tẹ̀ lé e ní 2024, Pisa sì mú un ní 2025, nígbà tí wọ́n padà sí ìpele àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ìdájọ́ mi nìyí. Cuadrado kò sí lára àwọn tí a ó fi orúkọ wọn pe àkókò kan, gòólù rẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti fi kọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìdúró tó gbé dé Ítálì ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún wúlò fún ẹgbẹ́ tó ń jà kó má já, ó wúlò fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ eré ẹlẹ́wà, ó sì wúlò fún ẹgbẹ́ tí ife nìkan tẹ́ lọ́rùn. Iṣẹ́ ọnà tó lè yí ipò padà láìpàdánù àbùdá rẹ̀ ni ó pé, iṣẹ́ Cuadrado sì pé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wíńgà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré kọ́ bí ó ṣe ń dúró pẹ̀lú.