Àjàgà: Ta Ni Ó Fi Í Sí Wa Lọ́rùn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó fi ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu, tí Ó sì fún wa ní ọpọlọ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Àjàgà ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ìbà, ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, ẹ kò ní ṣàì ti gbọ́ ọ níbi àdúà. Ẹni tí ó ń ṣáájú àdúà yóò dárúkọ àjàgà tí ọ̀tá fi sí wa lọ́rùn, gbogbo ìjọ yóò sì ké pé kí ó já. Àmín ìyẹn a máa ròkè ju àmín àdúà ìmọ̀ lọ, ó sì ń ròkè ju ti àdúà ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

A kò ní àdúà náà kò dára. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe é ni a ń wádìí. Kí ni àjàgà? Ọ̀nà wo ni ó gbà dé ẹnu wa? Ta sì ni ó ń fi í síni lọ́rùn?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú ń rí. Àjàgà jẹ́ igi tí a gbẹ́, tí a gbé lé màlúù méjì lọ́rùn níbi tí wọ́n dúró sí ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n lè jọ fa irin tí a fi ń túlẹ̀. Ó ṣòro kí ọmọ Ìbà tó rí irú rẹ̀. Ọkọ́ àti àdá ni àwọn baba wa fi dáko iṣu àti kòkó. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n. Eṣinṣin kan ń bẹ nínú igbó ilẹ̀ wa tí ó máa ń fi àrùn sí màlúù lára, tí màlúù yóò sì kú. Lókè Ọya, níbi tí eṣinṣin náà kò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọdún 1920 ni ìjọba àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti fi màlúù túlẹ̀. Ohun tí ó súnmọ́ àjàgà jù lọ ní ọ̀dọ̀ tiwa ni igi tí a máa ń so mọ́ ewúrẹ́ tí ó ya olè lọ́rùn, kí ó má baà lè gba inú ọgbà wọ oko olóko.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà nínú igi méjèèjì. Ti màlúù wà fún iṣẹ́, ẹni méjì ni ó sì ń so pọ̀. Ti ewúrẹ́ wà fún ìdènà, òun nìkan ni ó ń gbé e kiri, ojú a sì máa tì í, bí ojú bá ń ti ewúrẹ́. Nígbà tí Yorùbá bá pe àjàgà, ti ewúrẹ́ ni ó ń gbọ́.

Nínú èdè àwọn ẹlòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe igi yìí ní jugum, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti fa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìgbéyàwó yọ, nítorí pé ọkọ àti ìyàwó jọ ń fa ẹrù kan ni. Láti orísun kan náà ni ọ̀rọ̀ yoga ti àwọn ará Íńdíà ti wá, ìsopọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Róòmù yìí kan náà mọ ìtìjú rẹ̀ pẹ̀lú: ní ọdún 321 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, àwọn ọ̀tá wọn tí wọ́n ń pè ní Samnite ká ọmọ ogun wọn mọ́ àárín òkè, wọ́n sì mú kí wọ́n tẹrí ba kọjá lábẹ́ àjàgà kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ìtẹríba jọ ń gbé inú ọ̀rọ̀ kan ni. Ìdajì rẹ̀ péré ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ tilẹ̀ lè rí ẹ̀rí èyí nínú Bíbélì Yorùbá. Níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì nípa dídara pọ̀ mọ́ aláìgbàgbọ́, Bíbélì òyìnbó dárúkọ àjàgà. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá yọ àjàgà kúrò, wọ́n fi ìdàpọ̀ dípò rẹ̀. Ní tiwa, wọ́n ṣe é ire. Ìyàwó wo ni a ó sọ fún ní ọjọ́ yìgì pé àjàgà ni òun àti ọkọ òun fẹ́ jọ gbé, tí kò ní sá padà sílé bàbá rẹ̀?

Kí ló dé tí ti ìyà nìkan fi kù sí wa lẹ́nu? Èrò tiwa ni pé ọrùn tí àwọn baba ńlá wa rí pé a so nǹkan mọ́ jù lọ ni ọrùn ẹrú. Àjàyí Crowther, tí ó jẹ́ aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì tí ó parí ní ọdún 1884, ti wọ okùn yìí rí. Ní ọdún 1821 ni a kó ìlú rẹ̀, Òṣogùn, lẹ́rú. Nínú ìròyìn tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ní okùn ni wọ́n kọ́ sí àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ́rùn, tí wọ́n fi ń fà wọ́n lọ bí ewúrẹ́. Bí ewúrẹ́! Bóyá ìdí nìyí tí a fi ń ní kí àjàgà "já." Igi kì í já, ṣíṣẹ́ ni igi ń ṣẹ́. Okùn ni í já.

Ọ̀rọ̀ wá kù tí ó ń dun ni láti sọ, ṣùgbọ́n a kò ní fi pa mọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Crowther ka àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn tí ó kó ìlú rẹ̀. Bákan náà ni ní itòsí wa níbí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí ó ń sá lọ sì bọ́ sínú odò Ọ̀tìn. Ìlọrin jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí ń jọba lé lórí. Ààrẹ Látòósà tí ó ń ṣe olórí Ìbàdàn nígbà náà, Mùsùlùmí ni. Ìhà tó wù kí a ti mú ẹrú, ẹni tí ó ń kírun wà lára àwọn tí ó di okùn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kígbe kí àjàgà já, kí a má ṣe bí ẹni pé ọwọ́ tiwa kò fi í sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn rí.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo Alùkùránì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Kristẹni kan, Ẹni-Ọ̀wọ̀ M. S. Cole, ni ó tilẹ̀ kọ́kọ́ tẹ odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1906, kí àwọn Mùsùlùmí tó ṣe tiwọn. Ẹni tí ó ń túmọ̀ máa ń rí i pé àjàgà yá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí Lárúbáwá ní fún ọrùn ju ẹyọ kan lọ. Ó ní ghull, ìyẹn irin tàbí awọ tí a fi ń de ọwọ́ mọ́ ọrùn. Ó ní iṣr, ẹrù tí ó wúwo. Ó sì ní ṭawq, òrùka ńlá tí ó yí ọrùn ká.

Nínú Súratul-A'ráàf, áyà 157, Ọlọ́hun ròyìn Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé yóò sọ ẹrù àti ìdè tí ó wà lára àwọn ará ìṣáájú kalẹ̀. Kò sí àjẹ́ nínú áyà yìí, kò sì sí ọ̀tá ilé. Òfin líle ni àwọn onítúmọ̀ pè é. Ní ìparí Súratul-Bákárà, tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń kà kí wọ́n tó sùn, ẹrù yẹn náà ni a ń bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó má ṣe gbé rù wá. Nígbà tí ó di Súratul-Isráà', áyà 29, ọ̀rọ̀ yí padà: ahun ni a sọ pé ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ta ni ọ̀tá tí ó dè é? Ní Súratu Áli-Imráàn, áyà 180, ọrọ̀ tí ènìyàn fi ahun dì mú ni a ó fi ṣe òrùka sí i lọ́rùn ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá fi ilẹ̀ kún un: ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ilẹ̀ méje ni a ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ ń sún òpó ààlà ní òru! Hàdíìsì mìíràn sọ ti ẹni tí ó jí nínú ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìjọ, pé yóò dé ní ọjọ́ náà pẹ̀lú ràkúnmí tàbí àgùntàn tí ó jí náà lọ́rùn rẹ̀, tí yóò máa ké. Akápò alájẹṣẹ́kù tí ó bá jẹ owó ẹgbẹ́, kí ni yóò gbé lọ́rùn?

Ìdí nìyí tí a fi ń bá àwọn oníwáàsì wa wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ó ní ojú púpọ̀ ṣe olójú kan. Ọmọ tí ó jókòó níwájú wọn yóò máa wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bí ẹni tí ó so nǹkan mọ́ òun lọ́rùn, kò sì ní wo ọwọ́ ara rẹ̀ láé. A ti rí ìdílé tí irú àdúà bẹ́ẹ̀ tú ká.

(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ máa fi àmì sí i. Láìsí àmì, ọrùn tí a fi ń gbé àjàgà kò yàtọ̀ sí ọ̀run tí à ń retí.)

Síbẹ̀, a kò sọ pé kò sí àjàgà tí ènìyàn ń fi sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ó ń bẹ. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà ni: bàbá yá owó, ọmọ ń sìnrú ní oko olówó títí owó yóò fi pé, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Lónìí, àwọn ìyá wa lọ́jà mọ owó èlé tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà, tí a ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjà tà, ọjà kò tà. Nípa irú ọrùn báyìí ni Súratul-Balad, áyà 13, fi ń sọ̀rọ̀. Ó pe títú u sílẹ̀ ní ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó dà bí gígun òkè. Ọrùn gan-an ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó wà níbẹ̀, ìyẹn raqabah. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹrú nìkan, a kò ṣì í, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbà tí ó ń kà á yóò sọ pé kò sí ẹrú nílùú wa mọ́, yóò sì ṣí ojú ìwé sí òmíràn. Bí a bá kọ "títú ọrùn sílẹ̀," ó ṣeé ṣe kí ó gbójú sókè, kí ó wo ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò lọ sí ilé ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.