Sọ́rì Lẹ́nu Aláàánú, Sọ́rì Lẹ́nu Ẹlẹ́bi

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti di tiwa, n kò rò pé èyíkéyìí wà tí à ń pè lójúmọ́ bíi sọ́rì. Ọmọdé kọsẹ̀, sọ́rì. Iná jó ìyá lọ́wọ́ nídìí ààrò, sọ́rì. Ẹnì kan wúkọ́ nínú ọkọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ní sọ́rì o. Àánú ló ṣe olúwarẹ̀.

Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan máa ń bá wa wí nítorí èyí. Wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ lo tì í ṣubú ni, tí o fi ń tọrọ àforíjì?" N kò bá wọn gbà á. "Pẹ̀lẹ́" là ń sọ, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì la kàn wọ̀ fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń lo sorry bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń kí ọ̀fọ̀. Bí a bá sì tọpa ọ̀rọ̀ náà dé inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sārig ni, láti ara sār, tó túmọ̀ sí ìrora. Ẹni tí nǹkan ń dùn lọ́kàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn ni. (Nígbà tí ìwé atúmọ̀ Oxford sì ti gba danfo àti okada wọlé ní ọdún 2020, kí ló kù tí a fẹ́ máa tijú lé lórí?)

Ibòmíràn ni ẹjọ́ tèmi wà. Ọ̀rọ̀ aláàánú yìí kan náà ni ẹlẹ́bi ń sọ. Ọmọ kíláàsì mi kan yá ìwé mi, ó da omi sí i, ó ní "sọ́rì", ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣé ó ń bá mi kẹ́dùn bí ẹni tó ń kọjá lọ ni, àbí ó gbà pé òun ló ba ìwé jẹ́? Sọ́rì gba méjèèjì, ibẹ̀ ló sì ń sá sí.

Yorùbá kò fún un láyè bẹ́ẹ̀. "Pẹ̀lẹ́" wà fún ẹni tí nǹkan ṣe. Ẹni tó bá sọ pé "má bínú" ti gbà pé ẹnìkejì ní ìdí láti bínú. Ẹni tó ní "dárí jì mí" ti gbà pé òun ṣẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Sọ́rì kò tiẹ̀ kúnlẹ̀ rárá. Kò ní ọ̀wọ̀ nínú pàápàá, ìyẹn ni àwọn èèyàn ṣe ń bá a wá ọ̀wọ̀ kiri: "Ẹ sọ́rì o, mà."

Ẹ̀yin òbí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n lu àbúrò, ẹ ní, "Oyá, say sorry!" Ó wo ògiri, ó ní sọ́rì, ẹ sì sọ fún ẹni tó ń sunkún pé ó ti tó. Kò tó o. Ẹ jẹ́ kó kọjú sí àbúrò rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe: "Mo gbá ọ létí, kò dáa, má bínú." Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù ú, kó wá fi sọ́rì kún un.