Yàrá Òfìfo: Ọ̀rọ̀ Àfiwé Nínú Ẹ̀kọ́ Nípa Sẹ́ẹ̀lì

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ni ó ti hàn gbangba pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tí ó kù ni irú ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan sẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà tí ó yá olùkọ́ lára jù lọ ni pé kí ó túmọ̀ orúkọ náà sí “yàrá”, kí ó sì pe mitokọ́ńdríà inú rẹ̀ ní “ilé iṣẹ́ amúnáwá”. Méjèèjì dùn létí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò gẹ́gẹ́ bí a ti í yẹ àfiwé inú ewì wò: kí ni wọ́n fi hàn, kí sì ni wọ́n fi pamọ́?

Robert Hooke ni ó kọ́kọ́ lo orúkọ náà nínú Micrographia, ìwé tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1665. Èèpo igi tí a fi ń dí ẹnu ìgò ni ó gé pẹ́lẹ́bẹ́, tí ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò. Ihò wẹ́wẹ́ ni ó rí. Ó ṣírò pé wọn yóò ju 1,200,000,000 lọ nínú ègé tí ó jẹ́ íǹṣì kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ a máa wí pé yàrá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ni ó fi wé wọn, ṣùgbọ́n afárá oyin ni Hooke dárúkọ. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Ẹni tí ó bá gé afárá mọ̀ pé oyin ni òun ń wá, kì í ṣe ìda. Èèpo tí Hooke gé ti kú, ìda nìkan ni ó kù; nínú ewéko tútù ni òun fúnra rẹ̀ ti rí i pé omi kún àwọn ihò náà. Nítorí náà, ẹni tí ó túmọ̀ sẹ́ẹ̀lì sí “yàrá”, ògiri ni ó túmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn kò ní ògiri rárá. Awọ fẹ́lẹ́ ni ó yí i ká, awọ tí ń yan ohun tí yóò wọlé àti ohun tí yóò jáde. Kí sẹ́ẹ̀lì máa jẹ́ sẹ́ẹ̀lì, gẹ́gẹ́ bí a ti gba táyà àti bíríkì láìbéèrè ilé baba wọn.

“Ilé iṣẹ́ amúnáwá” sàn díẹ̀. Philip Siekevitz fi irú rẹ̀ ṣe àkọlé àròkọ ní ọdún 1957, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀: nínú mitokọ́ńdríà ni a ti ń fi ọ́síjìn jó oúnjẹ, tí agbára inú oúnjẹ ń di èyí tí sẹ́ẹ̀lì lè ná. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni í kọ́ ilé iṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kò lè kọ́ mitokọ́ńdríà láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni òmíràn ti í pín jáde. Ní ọdún 1967 ni Lynn Margulis, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Lynn Sagan nígbà náà, ṣàlàyé pé bakitéríà tí ń dá gbé ni í ṣe ní àtètèkọ́ṣe. Ó ṣì ní DNA tirẹ̀; ti ènìyàn ní jíìnì 37 péré, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ núkílíọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ sì ti ń jogún rẹ̀. Ta ni Yorùbá tí kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àtọ̀húnrìnwá ni, tí ó dé agbo ilé, tí ó di ọmọ ilé, tí kò sì lè padà síbi tí ó ti wá mọ́. Ohun tí ilé iṣẹ́ amúnáwá fi pamọ́ ni agbo ilé fi hàn.

Àfiwé agbo ilé náà ní ibi tí ó dé dúró, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ fi ibẹ̀ pamọ́ fún ọmọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, bí ó bá dàgbà tán, kò ní núkílíọ́ọ̀sì, kò ní mitokọ́ńdríà: kò sí baálé, kò sí àlejò. Síbẹ̀, ó ń ru ọ́síjìn tí òun kì í ná kiri fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù, fún nǹkan bí 120 ọjọ́.