Àpótí Gogoro Méjì àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ìlù

Nígbà tí owó Údọ́jì wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1975, àwọn kan sáré ra fìríìjì, àwọn mìíràn ra alùpùpù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ayé ti yí padà fún òun a ra ẹ̀rọ orin pẹ̀lú sípíkà ńláńlá méjì. Láti ìgbà náà ni sípíkà onídùúró, èyíinì ni àpótí gogoro tí ń dá dúró nílẹ̀ láìjẹ́ pé a gbé e ka orí tábìlì, ti di ara ọ̀ṣọ́ pálọ̀ wa. Ọ̀kan á wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan á wà lósì, tẹlifíṣọ̀n á wà láàárín, àwòrán baálé ilé á sì wà lókè lára ògiri. Ìyàwó ilé a fi aṣọ funfun àfọwọ́hun bo orí àpótí kọ̀ọ̀kan, a sì gbé òdòdó oníke lé e. Mo ti rí ilé tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti dúró fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ohùn ti kú nínú wọn, tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Ohun tí a fi owó ẹni rà, a lè fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹjọ́ tí èmi bá sípíkà onídùúró rò yàtọ̀: bí a kò bá ṣọ́ra, ó lè fún wa ní ohùn ńlá, kí ó sì gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Nínú àpàlà, nínú jùjú, nínú fújì àtijọ́, ìlù kì í kàn ń dún lásán. Ó ń kì, ó ń tọrọ, ó ń bú, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ orin náà láìgbọ́ ohun tí ìlù wí, ìdajì orin ni ó gbọ́. Mo mọ èyí nítorí pé inú ilé mi ni ó ti ṣẹlẹ̀, bàbá mi ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí.

Ọdún 1992 ni mo ra tèmi, tòkúnbọ̀ láti ìlú Òyìnbó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó mítà kan, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì fi ń gbé ọ̀kan. Abẹ́ páànù lẹ́bàá títì ni ẹni tí ó tà wọ́n fún mi ti tàn wọ́n kí n gbọ́, ohùn wọn sì dùn yùngbà. N kò ronú nígbà náà pé ibẹ̀ kò ní ògiri. Mo gbé wọn dé ilé tí mo háyà ní Ìbàdàn, mo sì tì wọ́n sí igun méjèèjì pálọ̀, nítorí pé àga ti gba gbogbo ìyókù ẹ̀gbẹ́ ògiri. Pálọ̀ náà jẹ́ mítà 4 ní gígùn àti mítà 4 ní ìbú. Ògiri rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́ dán, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tẹ̀rásò. Nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, gíláàsì lúfà ń gbọ̀n, omi inú ife ń mì, inú mi sì dùn gidigidi.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni bàbá mi wá kí wa. Kì í ṣe onílù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ agbo ilé Àyàn ni ó gbé dàgbà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ìlù sọ̀rọ̀ kí ó má yé e. Mo fi í jókòó sórí àga tí ó dára jù, mo fi àwo àpàlà kan tí ó fẹ́ràn sí i, mo sì ń retí ìyìn. Ó tẹ́ orí sílẹ̀, ó ń gbọ́ ọ títí ojú kìíní àwo fi parí.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe rí i?"

"Ó lágbára. Ó ń dún dáadáa." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí ni onílù yẹn ń wí?"

Mo rò pé ó ń dán mi wò ni. Kò dán mi wò. Ó ń béèrè ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bá a ní yàrá pẹ̀lú rédíò kékeré oníbátìrì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Wọ́n ń fi àpàlà sáfẹ́fẹ́, òun náà sì ń sọ ohun tí ìlù ń wí tẹ̀ lé e lábẹ́ èémí, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì. Ojú tì mí, n kò sì sọ fún un.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí abájọ. Ìgbà kan wà tí asọ̀rọ̀mágbèsì nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé ní. Ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa wáyà rẹ̀ wọlé ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àpótí kékeré ni, kò sì lágbára láti gbé ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá jáde. Síbẹ̀ ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù kò ṣe aláìgbọ́ ọ nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlù kò sí nínú títóbi ohùn. Inú ìrìn ohùn láàárín dò, rè àti mí ni ó wà: bí ó ti gòkè, bí ó ti sọ̀ kalẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rédíò kékeré a bọ́ ẹran ara ohùn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ á kù, egungun náà ni bàbá mi sì ń kà.

Nínú pálọ̀ mi, ẹran ni ó pọ̀ jù. Ohùn a máa rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ohùn kan wà, tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 43 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí ó jẹ́ pé bí ògiri kan bá ti ń lé e padà ni ògiri kejì ń tì í bọ̀, tí ó sì ń gun orí ara rẹ̀. Okùn tí ó nípọn jù lára gìtá baàsì ń gbọ̀n ní ìgbà 41. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà! Nígbà tí gígùn yàrá àti ìbú rẹ̀ bá tún dọ́gba bíi ti pálọ̀ mi, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò parapọ̀ máa gbe ohùn kan ṣoṣo. Igun sì ni ibi tí a ń gbé sípíkà sí bí a bá fẹ́ kí yàrá kùn jù lọ. Nínú àpàlà kò sí gìtá baàsì, ṣùgbọ́n agídìgbo wà níbẹ̀, ohùn tirẹ̀ náà jinlẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá pọ̀ jù a máa bo èyí tí ó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohùn ìlù tí bàbá mi ń wá dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀: ẹnu rẹ̀ ń mì, a kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹni tí ó bá wo sípíkà lè rò pé ìbátan ìlù ni. Irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí títí di òní ni Chester Rice àti Edward Kellogg ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1925: páálí róbótó kan, tí wáyà tí a ká mọ́ ìdí rẹ̀ ń tì síwá sẹ́yìn nítòsí mágnẹ́ẹ̀tì. Páálí yẹn jọ awọ, àpótí sì jọ igi ìlù. Ṣùgbọ́n àfiwé yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Igi ọ̀mọ̀ tí a fi gbẹ́ ìlù gbọ́dọ̀ bá awọ dún. Pákó sípíkà kò gbọdọ̀ dún rárá. Ẹ fi oríkèé ìka kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá dún bí ìgbà tí a ń kan ògiri, ó dára. Bí ó bá dún bí ìgbà tí a ń kan ilẹ̀kùn, àpótí náà yóò máa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Kí ló dé tí a óò tilẹ̀ ra èyí tí ó ga, nígbà tí rédíò kékeré ti borí? J. Anton Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ KLH sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1957, ni a mọ òfin yìí mọ́: àpótí kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó jinlẹ̀, àti ohùn tí ó ròkè pẹ̀lú iná díẹ̀, méjì péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a lè rí gbà. Sípíkà onídùúró yọ̀ǹda ti àkọ́kọ́, ó lọ sókè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó gbà kò ju ti sípíkà kékeré tí a gbé ka orí ìdúró lọ. Nígbà tí ó bá sì wà ní àyè rẹ̀, ohun tí ó ń fúnni kò sí nínú rédíò: a ó gbọ́ ìwúwo ọwọ́ lára kọ̀ǹgọ́, a ó gbọ́ bí onílù ti ń fún ọsán mọ́ra tí ohùn sì ń gòkè, a ó gbọ́ ṣaworo tí ń dáhùn. Egungun á wà, ẹran á sì wà lára rẹ̀.

Ní ti yíyàn rẹ̀, èmi kì í wo iye wáàtì mọ́. Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, a rí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 3000 PMPO sí lára, tí gbogbo iná tí ó ń fà lára ògiri kò tó èyí tí áyọ́ọ̀nù aṣọ ń fà. Irọ́ gbáà ni. Ó sàn kí a béèrè bí sípíkà ti ń ròkè tó pẹ̀lú wáàtì kan: èyí tí ó bá fi dẹ́síbẹ̀lì 3 ju èkejì lọ, ìdajì iná ni yóò lò láti dún bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé àwo tiyín dání, èyí tí ẹ mọ ohun tí ìlù inú rẹ̀ ń wí, kí ẹ sì ní kí wọ́n rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo sípíkà ni ó ń dára létí bí a bá gbé e sókè. Èyí tí ọ̀rọ̀ ìlù bá kù nínú rẹ̀ nígbà tí ohùn kò ju ti ẹni méjì tí ń sọ̀rọ̀ lọ, òun ni ẹ bá sọ̀rọ̀ owó.

Bíbá a gbé tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọmọdé a fi ìka tẹ àárín páálí wọnú. Ọmọńlé a gba ihò ẹ̀yìn wọlé, a sì yé ẹyin síbẹ̀. Fóòmù tí ó yí páálí tèmi ká bẹ̀rẹ̀ sí rún bí àkàrà gbígbẹ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nítorí ooru àti ọ̀rinrin wa kò ṣàánú fóòmù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́, kí ó wá èyí tí ó jẹ́ rọ́bà. Kò sí èyí tí owó díẹ̀ àti sùúrù kò lè tún ṣe. Àwọn tí ń sọ fún wa pé wáyà olówó gọbọi ni yóò tún ohùn ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Wáyà tí ó bá nípọn díẹ̀ ti tó. Owó tí ó kù, ẹ fi ra kápẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ó ń dùn mí jù kò sí nínú pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí dùùrù oníná wọ inú fújì, tí gbogbo ayẹyẹ sì di ti àpótí tí ń mi àyà, mo gbọ́ àwo lẹ́yìn àwo tí wọ́n ti ti ìlù sẹ́yìn kí ìsàlẹ̀ lè ráyè. Ó jọ pé etí tí a kọ́ nínú pálọ̀ wa ni ó bá wọn wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀. Onílù ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ ó máa gbọ́ ọ fìrífìrí.

Ní tèmi, mo fi ọdún kan ń ti àpótí kiri. Mo rìn yí pálọ̀ ká nígbà tí gìtá baàsì ń dún, mo sì gbọ́ ọ bí ó ti ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí ó sì ń pòórá ní àárín. Mo yọ wọ́n kúrò ní igun, mo fà wọ́n síwájú tó mítà kan, mo fa àga bàbá mi kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo sì ń ṣí lúfà sílẹ̀ kí ìsàlẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé àlejò ni yóò máa jókòó síta báyìí. Mo ta àga méjì.

Ní ọdún 1994 ni bàbá mi tún wá. Àwo àpàlà kan náà ni mo fi sí i. Kò tí ì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ tí bàbá fi gbé orí sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ Àyàn yìí mà burú o!"

"Kí ló wí, bàbá?"

Kò sọ ọ́ fún mi. Ó ní kí n gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn, kí n gbọ́ ọ fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e padà kí n tó gbọ́ ọ.